Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Ní Òbí Lẹ́yìn Ṣe Lè Béèrè Owó Ìrànwọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Ní Amẹ́ríkà

Nínú ilé Yorùbá, ẹni tí ó bá tọ́ ọmọ ni ọmọ ń pè ní bàbá tàbí ìyá. Àbúrò bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá àti ìyá àgbà lè jókòó sípò òbí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Fọ́ọ̀mù FAFSA, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń pín owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò mọ ìyẹn rárá. Òbí lójú fọ́ọ̀mù náà ni ẹni tí ó bí yín, ẹni tí ó gbà yín ṣọmọ lábẹ́ òfin, àti ọkọ tàbí aya tí òbí yín fẹ́ tí wọ́n sì jọ wà. Ẹni mìíràn kò sí níbẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù láàárín àwọn ọmọ wa ni pé ọmọ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Houston tàbí ní Maryland a kọ orúkọ àǹtí náà, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀, sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè òbí. Owó oṣù àǹtí á wá sọ ọmọ náà di ọmọ olówó lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ àǹtí ní ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta tí ó ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ fún.

Ẹni tí òbí rẹ̀ ti kú, ẹni tí òbí rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, ẹni tí ó sá kúrò nílé nítorí ìyà, àti ẹni tí kò mọ ibi tí òbí rẹ̀ wọlé sí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ó kan ẹni tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ní green card, àti ẹni tí ìjọba ti gbà gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé tàbí tí wọ́n ti fún ní ibi ìsádi. Ẹni tí ó bá físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 wá kò lè rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń lọ gan-an ni kí ó bi léèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀bùn tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ẹnu-ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé

Ọ̀nà méjì ni ìjọba pín akẹ́kọ̀ọ́ sí: ẹni tí ó wà lábẹ́ òbí, àti ẹni tí ó dá dúró. Ẹni tí ó dá dúró kò ní kọ ohunkóhun nípa òbí. Owó tí ń wọlé fún òun fúnra rẹ̀ ni wọn yóò wò, pẹ̀lú ti ọkọ tàbí aya rẹ̀ bí ó bá ní. Pé ẹ ń san owó ilé yín fúnra yín, tàbí pé òbí yín kò fi orúkọ yín sínú ìwé owó orí wọn, kò sọ yín di ẹni tí ó dá dúró. Òfin ti ka àwọn ohun tí ó ń sọ ènìyàn di bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sì ti tó.

Àwọn kan wà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Nínú fọ́ọ̀mù ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027, ẹni tí a bí ṣáájú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003 ti dá dúró, nítorí pé yóò ti pé ọmọ ọdún 24 kí ọdún 2026 tó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ti ṣe ìgbéyàwó (àfẹ́sọ́nà kò sí nínú rẹ̀), ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti ẹni tí ó ní ọmọ tàbí ènìyàn mìíràn tí ó ń gbọ́ ju ìdajì bùkátà rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní òbí lẹ́yìn gba àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé nígbàkígbà láti ìgbà tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 13, ẹ kò ní òbí kankan láyé mọ́, yálà ẹni tí ó bí yín tàbí ẹni tí ó gbà yín ṣọmọ, ẹ ti dá dúró. Ikú bàbá nìkan kò tó. Bí ìyá bá ṣì wà láàyè, ìyá ni fọ́ọ̀mù yóò béèrè, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ni ó wà tí ọmọ wà ní Dallas. Ẹni tí ó wà lábẹ́ àgbàtọ́ ìjọba, tàbí tí kọ́ọ̀tù sọ di ọmọ abẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, nígbàkígbà lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 13, ti dá dúró, kódà bí kò ju ọjọ́ kan péré lọ. Èyí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti rántí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n lò nílé àjèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni alágbàtọ́ tí kọ́ọ̀tù yàn. Kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ní láti ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan tí kì í ṣe òbí yín, tí kì í sì í ṣe ọkọ tàbí aya òbí yín, ni alágbàtọ́ yín. Ìwé ìbúra tí bàbá ṣe nílé pé òun fi ọmọ òun lé àbúrò òun lọ́wọ́ kì í ṣe ìdájọ́ kọ́ọ̀tù; ẹ má fi í tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè yẹn. Ẹ pa á mọ́ síbẹ̀, nítorí pé ó lè wúlò fún yín lọ́nà mìíràn níwájú.

Ọmọ tí kò nílé, tí ó sì dá wà láìsí òbí, náà ń dá dúró. Kì í ṣe ẹni tí ó ń sùn lábẹ́ afárá nìkan ni òfin ń pè ní aláìnílé. Ẹni tí ó ń sùn lórí àga ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ lónìí, tí yóò wà ní yàrá ìyá ọ̀rẹ́ mìíràn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kò ní ibùgbé tí ó dúró sójú kan, aláìnílé sì ni. Òṣìṣẹ́ tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ aláìnílé ní ẹ̀ka ilé-ìwé girama yín, olórí ilé ìsádi, tàbí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga yín lè kọ ìwé tí ó jẹ́rìí sí i.

Bí kò bá sí èyí tí ó bá yín mu nínú gbogbo wọn, ẹnu-ọ̀nà kan ló kù, èyí tí wọ́n ń pè ní "unusual circumstances" lórí fọ́ọ̀mù. Ó wà fún ẹni tí òbí rẹ̀ wà láyé, tàbí tí kò mọ̀ bóyá ó wà láyé, ṣùgbọ́n tí kò lè kàn sí i, tàbí tí kíkàn sí i yóò kó o sínú ewu: òbí tí ó kọ ọmọ sílẹ̀, òbí tí ó ń lù ú tàbí tí ó ń bá a ṣe ìṣekúṣe, òbí tí ó wà lẹ́wọ̀n, ọmọ tí wọ́n kó wá ṣe ẹrú, ogúnléndé tí ogun ya òun àti àwọn òbí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ yé wa dáadáa níbí yìí. Òbí tí ó wà ní Nàìjíríà, tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Sunday, kì í ṣe òbí tí kò sí, bí kò tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Òbí tí ó ní òun kò ní sanwó, tàbí tí ó ní òun kò ní kọ ohunkóhun sórí fọ́ọ̀mù ìjọba, kò sọ yín di ẹni tí ó dá dúró. Ohun tí ó ṣe é ṣe ni pé kí òbí náà ṣí àkáǹtì lórí studentaid.gov láìní nọ́ńbà Social Security, kí ó kọ owó tí ń wọlé fún un sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti ṣẹ́ náírà sí dọ́là ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù. Bí owó náírà ṣe rí báyìí, ọ̀pọ̀ òbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nílé ni owó ọdún wọn yóò kéré gan-an lórí ìwé, èyí tí ó lè jẹ́ àǹfààní fún ọmọ. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ kò ní òbí, ẹ bi ara yín léèrè bóyá òbí tí ẹ ní kọ́ ni yóò jẹ́ kí ẹ rí owó gbà láìsí wàhálà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kó ìwé jọ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun

Ẹ nílò káàdì Social Security yín, nọ́ńbà green card bí ẹ bá ní i, ìwé owó orí yín ti ọdún méjì sẹ́yìn (ti 2024 ni fọ́ọ̀mù 2026 sí 2027 ń lò), àti iye tí ó wà ní báńkì yín lọ́jọ́ tí ẹ ń kọ ọ́. Bí ẹ kò bá ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn, ẹ kò ní ìwé owó orí, kò sì burú.

Ìwé ẹ̀rí ni ó máa ń gba àkókò. Bí òbí yín bá kú ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí ikú tí àjọ National Population Commission ń fúnni ni ilé-ẹ̀kọ́ lè béèrè, kì í ṣe ìwé ìsìnkú tí a fi àwòrán olóògbé sí lójú. Ẹbí nílé ni yóò bá yín gbà á, nítorí náà ẹ tètè ké sí wọn, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé orúkọ tí ó wà lórí ìwé náà bá orúkọ òbí tí ó wà lórí ìwé ìbí yín mu. Mo ti rí ibi tí ìwé ikú ti sọ pé Mama Kẹ́hìndé ni ó kú. Kò sí òṣìṣẹ́ kan ní Ohio tí yóò mọ ẹni tí í jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣí àkáǹtì, kí orúkọ yín sì dúró bí ó ṣe wà lórí káàdì

Orí studentaid.gov nìkan ni ẹ ti máa ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ san dọ́là kan kí òun tó bá yín kọ FAFSA, ẹ bá tiyín lọ. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó wà lọ́dọ̀ àjọ Social Security mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ àwa Yorùbá ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níhìn-ín: ẹni tí káàdì rẹ̀ sọ pé Oluwaseun á kọ Seun, ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà ní àárín lórí káàdì á gbé e lọ sí ìparí. Ẹ gbé káàdì síwájú, ẹ wò ó, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì fi ímeèlì ilé-ìwé girama ṣe é, nítorí pé wọn yóò pa á rẹ́ bí ẹ bá ti jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ fọ́ọ̀mù náà

Ní oṣù kẹwàá ni fọ́ọ̀mù sábà máa ń ṣí fún ọdún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, ìjọba àpapọ̀ sì máa ń gbà á títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà tí ọdún ẹ̀kọ́ náà fi parí, ìyẹn 30 oṣù kẹfà ọdún 2027 fún ti 2026 sí 2027. Ẹ má fi ìyẹn tan ara yín jẹ. Owó ìpínlẹ̀ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ máa ń tètè tán, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní gbèdéke tirẹ̀; ọjọ́ kejì oṣù kẹta ni California sábà máa ń lò.

Ibi tí ó kàn yín jù ni apá tí wọ́n ti ń béèrè nípa ipò ara yín. Ohun tí ẹ bá lè fi ìwé tì lẹ́yìn nìkan ni kí ẹ mú níbẹ̀. Bí ẹ kò bá mú ìkankan, fọ́ọ̀mù yóò bi yín bóyá ohun àràmàǹdà kan ("unusual circumstances" tí mo sọ lókè) kò jẹ́ kí ẹ lè kàn sí òbí yín, tàbí bóyá kíkàn sí wọn léwu fún yín. Bí ẹ bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò jẹ́ kí ẹ parí fọ́ọ̀mù láìkọ orúkọ òbí, yóò sì kà yín sí ẹni tí ó dá dúró fún ìgbà díẹ̀ ná. Kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fọ́ọ̀mù ọdún 2024 sí 2025, irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í mọ iye tí yóò gbà títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi pinnu. Ní báyìí, ẹ ó rí àfojúbù iye náà lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò sọ ọ́ di òótọ́.

Ìbéèrè mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó jọ ọ́, tí ó ń béèrè bóyá òbí yín kọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ ẹ̀yáwó nìkan. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú mú un yóò pàdánù owó ọ̀fẹ́ pátápátá, ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ ń gorí ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti san án nìkan ni yóò kù fún un. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Níkẹyìn, ẹ fún wọn láyè láti gba ìwé owó orí yín lọ́dọ̀ àjọ IRS, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá fún wọn láyè náà kò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà, kódà bí kò bá san owó orí rí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ẹ ń lọ bá tún béèrè CSS Profile, ẹ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ nìyẹn, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì lè ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún ẹni tí ó dá dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ lọ bá ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó

Ẹ má dúró kí wọ́n pè yín. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ sórí rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń béèrè "dependency override", ìyẹn ni pé kí wọ́n kà yín sí ẹni tí ó dá dúró. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an ni kí ẹ lò, òun ni wọ́n mọ̀. Wọn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù tiwọn, wọ́n lè ní kí ẹ wá jókòó bá àwọn sọ̀rọ̀, wọn yóò sì béèrè ẹ̀rí.

Ẹ̀rí yìí lè jẹ́ ìwé kọ́ọ̀tù, ìwé láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń dáàbò bo ọmọdé, lọ́yà, òṣìṣẹ́ ètò TRIO tàbí GEAR UP (àwọn ètò ìjọba àpapọ̀ tí ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga), tàbí owó iná àti ìwé ìlera tí ó fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí ẹ ń gbé. Lẹ́tà pásítọ̀, ìmáàmù tàbí olùkọ́ tí ó mọ̀ yín náà wúlò, bí ó bá sọ ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí. Lẹ́tà tí ó kún fún àdúrà àti ìyìn, tí kò sọ ọjọ́ kankan, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́tà tiyín náà ńkọ́? Wọ́n kọ́ wa láti má ṣe tú àṣírí ilé síta, ìdí sì nìyẹn tí lẹ́tà ọmọ wa fi máa ń kúrú jù: "Èmi àti bàbá mi kò jọ wà." Òṣìṣẹ́ tí ó kà á kò rí ohun tí ó lè dì mú. Ẹ wo ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí kò sì mọ ibi tí bàbá rẹ̀ wà. Kì í ṣe ẹni tí ó pàdánù òbí méjèèjì lójú òfin, nítorí pé kò lè fi ẹ̀rí hàn pé bàbá ti kú. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni irú èyí:

"Ìyá mi kú ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ wà nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́. Bàbá mi fi ilé sílẹ̀ ní ọdún 2015, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo pe nọ́ńbà tí mo ní kẹ́yìn fún un ní ọdún 2022, ẹlòmíràn ni ó gbé e. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí kò gbà mí ṣọmọ lábẹ́ òfin, tí kọ́ọ̀tù kò sì yàn án ní alágbàtọ́ mi. Olùgbaninímọ̀ràn ní ilé-ìwé girama mi mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 2023, lẹ́tà rẹ̀ sì wà níhìn-ín."

Ọjọ́, ibi, ẹni tí ó mọ̀, ìwé tí ó tì í lẹ́yìn: kò sí ẹkún nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ó sí. Bí ẹni tí ó ṣe yín níkà bá ṣì wà nítòsí, ẹ sọ fún ọ́fíìsì náà pé wọn kò gbọ́dọ̀ pè é láti wádìí.

Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé sílé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Ìpinnu wọn ni ó kẹ́yìn, kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí ẹ lè gbé lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kan máa sọ pé gbogbo irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òun ń kọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí tuntun, ẹ lè padà lọ, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì lè wò ó kí ó gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka lẹ́tà owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́

Owó ọ̀fẹ́ àti ẹ̀yáwó máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìwé kan náà bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Pell Grant, owó ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kéré, kì í ṣe gbèsè. Iye tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026 jẹ́ 7,395 dọ́là, ẹni tí kò ní òbí tí owó rẹ̀ kéré sì sábà máa ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà. "Work-study" ni owó tí ẹ máa ṣiṣẹ́ fún. Èyí tí a kọ "loan" sí níwájú ni ẹ máa san padà.

Ẹni tí ó dá dúró lè yá owó ju ẹni tí ó wà lábẹ́ òbí lọ: 9,500 dọ́là lọ́dún kìn-ín-ní, 10,500 lọ́dún kejì, 12,500 láti ọdún kẹta, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ní kọjá 57,500. Ti ẹni tí ó wà lábẹ́ òbí jẹ́ 5,500 péré lọ́dún kìn-ín-ní. Pé ilẹ̀kùn náà fẹ̀ kò ní kí ẹ gba gbogbo rẹ̀. Ẹ lè kọ̀wé pé ìdajì ni ẹ fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mú "subsidized", nítorí pé ìjọba ni ó ń san èlé rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tí ó ti wà lábẹ́ àgbàtọ́ ìjọba nígbà tí ó ti dàgbà díẹ̀, kí ó béèrè owó Chafee lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ó lè tó 5,000 dọ́là lọ́dún.

Ọdọọdún ni ẹ máa kọ FAFSA tuntun. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gbà yín lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá dúró nítorí ipò àràmàǹdà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ó tẹ̀lé e níbẹ̀, àyàfi bí ẹ bá sọ pé nǹkan ti yí padà tàbí tí wọ́n bá rí ohun tí ó takò ó. Bí ẹ bá gbé ara yín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé yẹn pamọ́, ẹ sì fi ẹ̀dà mìíràn sọ́wọ́ ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí fọ́ọ̀mù kò béèrè: níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ilé tí yóò padà sí yóò máa gbé nígbà tí wọ́n bá ti ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ pa ní àsìkò Kérésì? Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń fi yàrá díẹ̀ sílẹ̀ fún irú wọn, ẹni tí ó bá tètè béèrè ni ó sì máa ń rí i.